Ọdán Orí Itan: Ọjọ́ Márùn-ún ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Ọjọ́rú: Ìbàdàn sí Ṣágámù

Kọ̀ńdọ́ ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé sínú abọ́ yẹn?" Mo ní igi ni. Ó ní òun náà rí i pé igi ni, pé irú igi wo ló ń wọ mọ́tò? Mo ní ọdán ni. Ìyá tó jókòó tì mí rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọdán tí gbogbo wa mọ̀, iwájú ọjà àti ẹnu ọ̀nà ààfin ló ń dúró sí, ẹyẹ ń bẹ lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn tí a kì í dárúkọ sì ń bẹ níbẹ̀ lóru. Èwo wá ni ọdán tí kò ga ju ìgò epo lọ, tí ìdí rẹ̀ rí bí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, tó jókòó sínú abọ́ tánganran lórí itan ọkùnrin onígíláàsì?

Mo san owó ẹrù. Orí itan tèmi ni igi wà o, mi ò gba àyè ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ ní ohun tó bá ti ní gbòǹgbò, ẹrù ni.

Ọdún méje ni mo ti ń tọ́ ọ. Inú sísán ògiri ilé ìyá mi ni mo ti yọ ọ́, níbi tí ẹyẹ kan yàgbẹ́ èso ọdán sí. Bí ọdán ṣe máa ń wáyé nìyẹn: orí ọ̀pẹ, etí òrùlé, inú ògiri, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti pè é. Dípò kí n sọ ọ́ nù, mo gbé e sínú abọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, mo ń tẹ̀ ẹ́, nítorí mo ti rí àwòrán bọ́ńsáì lórí fóònù. Àwọn ará Jàpáàn ló ni orúkọ yẹn: "bon" ni àwo pẹrẹsẹ, "sai" ni ohun tí a gbìn. Ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú igi kan wà tó ń jẹ́ bọ́ńsáì. Kò sí. Igi lásán ni, igi tó yẹ kó ga bí ilé. Gbòǹgbò tí wọ́n ń gé, ẹ̀ka tí wọ́n ń rẹ́, àti àwo tí kò jìn, àwọn ló ń mú un wà ní kékeré. Bí o bá gbé e padà sínú ilẹ̀ lónìí, yóò ga, yóò sì gbàgbé rẹ. (Mo ti ra "irúgbìn bọ́ńsáì aláwọ̀ búlúù" rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ̀tẹ̀ ló hù. A fi se ọbẹ̀.)

Ohun tó gbé mi dé ọ̀nà ni pé igi mi kò jọ igi mọ́. Ó jọ ìgbálẹ̀ tí ẹnìkan gbàgbé síta. Ẹ̀ka kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, òun ló nípọn jù, òun náà ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti fi wáyà tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bíi ti igi páìnì inú àwòrán. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ìyókù, bí ẹni pé ẹ̀ka yẹn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá ní bàbá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ní irú igi báyìí tó lé ní ogójì lẹ́yìn ilé rẹ̀. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣe wèrè yìí láti Ọ̀yọ́ títí dé etí òkun!

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní oríta Ṣágámù, mo gun ọ̀kadà wọ ìlú, igi wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ta obì ni mo sùn. Ṣágámù àti obì kò ṣeé yà: gbànja oko Rẹ́mọ ń wọ́ jọ síbẹ̀, àwọn Hausa tó wà ní Sábó sì ń kó o lọ sókè Ọya. Àǹtí ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n nígbà tí mo wọlé. Ó gbójú sókè, ó wo igi mi, ó dìde, ó yí i po. "O kì í fún un lóúnjẹ ni?" Mo ṣàlàyé bọ́ńsáì fún un fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n máa fún un lóúnjẹ."

Ọjọ́bọ̀: Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí di gbànja fún mi pé kí n mú un lọ fún bàbá. A kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo gba Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn kọjá, mi ò dúró, àyàfi lọ́dọ̀ olódòdó kan lẹ́bàá títì. Mo bi í bóyá ó ní bọ́ńsáì. Ojú rẹ̀ tàn, ó gbé ọ̀kan jáde: gbòǹgbò wíwú méjì tó jọ iṣu, ewé díẹ̀ lórí, nínú àwo dídán. Ó ní Ṣáínà ló ti wá. Mo mọ irú rẹ̀. Ìbátan ọdán ni, ṣùgbọ́n wọ́n á tọ́ gbòǹgbò rẹ̀ di rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n á wá lẹ ewé igi mìíràn tó kéré mọ́ ọn lórí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò bú u, ó ń mú inú àwọn èèyàn dùn. Lójú tèmi, ẹ̀wù eégún ni, kò sí ará ọ̀run nínú rẹ̀.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gádínà ló ṣe ní Ìkòyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òyìnbó tó bá ṣiṣẹ́ ní ìwé kan tó kún fún àwòrán, ó sì ní kí bàbá máa gé òdòdó ẹlẹ́gùn-ún inú ìkòkò kó jọ tinú ìwé. Òyìnbó padà sílé, ìwé kù sọ́wọ́ bàbá. Gbogbo ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé obì sílẹ̀. Ó súre. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ wo igi, ó gbé e sí ìpẹ̀kun pákó lábẹ́ òjìji. "Jẹ́ kó sinmi. Ó rìn jìnnà." Ó wá mú mi yí ẹ̀yìnkùlé ká.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pákó gígùn lórí búlọ́ọ̀kù, ìlà mẹ́rin, igi àgbà lóríṣiríṣi tí èyíkéyìí nínú wọn kò ga kọjá ìgbáròkó mi. Àjàgbọn kan wà tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, èèpo ara rẹ̀ sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, Màmá (ìyàwó bàbá) sì sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ewé yẹn ń pa dé, pé òun fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáná alẹ́. Osè kan wà tí bàbá gbìn láti inú hóró, ìdí rẹ̀ ti yọ ikùn bí ti ọlọ́jà tó rí jẹ. Èyí tí mo dúró tì pẹ́ jù ni ọdán tó jókòó lórí òkúta yangí kan tó tóbi tó orí ewúrẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ di òkúta náà mú láti òkè dé ilẹ̀, bí ìka ọwọ́ ẹni tó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́jà. Bàbá ní òun tẹ́ gbòǹgbò yẹn sára yangí nígbà tó ṣì rọ̀, òun fi okùn so ó, òun sì ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni òun ń bù díẹ̀ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ láti òkè, tí gbòǹgbò ń yọjú, tó ń le. Ó gbà á ní ọdún mọ́kànlá. Àlejò kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí yangí, ó ní kí bàbá gbé Èṣù rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Mo bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èmi náà ní Ìbàdàn: ṣé kì í ṣe ìyà la fi ń jẹ igi? Ó tọ́ka sí Màmá, tó ń di ṣùkú fún ọmọ-ọmọ wọn lórí àpótí, ọmọ náà ti dijú, ó ń pòṣé. "Lọ bi wọ́n."

Ìkọ́kọrẹ́ la jẹ lálẹ́, ẹja inú rẹ̀ ju ewùrà lọ. Kò síná. A jókòó síta, bàbá gbé fóònù rẹ̀ jáde. Àwòrán igi tó tó igba ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n hàn mí bí ìgbà tí èèyàn ń fi mọ̀lẹ́bí hàn: èyí ni bàbá wọn, èyí ló lọ sílẹ̀ òkèèrè.

Páìnì funfun kan ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 1625 ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, nínú ìdílé Yamaki ní Hiroshima. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí Amẹ́ríkà ju àdó olóró sí ìlú náà, ilé wọn kò ju bíi kìlómítà mẹ́ta lọ síbi tó ti bú. Ògiri ọgbà ló gba igi náà là. Ní 1976, Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ fún ayẹyẹ igba ọdún orílẹ̀-èdè wọn, ó sì wà ní Washington títí dòní. Kò sọ ohunkóhun nípa bọ́ǹbù. Ọdún 2001 ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì dé Washington wá wo igi bàbá-bàbá wọn, ìgbà yẹn ni àwọn tó ti ń bomi rin ín fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá pa fóònù rẹ̀ dé díẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ jó ilé rẹ, o fún un ní àrólé rẹ, o ò sì rán an létí. Ìwọ lè ṣe é?" Mo ní rárá. Ó ní òun náà ò lè ṣe é, òun á ti kọ ọ́ sára àwo.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni igbó. John Naka ló ṣe é, ọmọ Jàpáàn tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tó di olùkọ́ gbogbo àwọn oníbọ́ńsáì ibẹ̀ kó tó kú ní 2004. Ọdún 1948 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àkọ́kọ́ nínú àwọn igi yẹn. Nígbẹ̀yìn wọ́n di mọ́kànlá nínú àwo kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ga, wọ́n dúró ṣinṣin bí ẹ̀ṣọ́. Goshin ló pè é, ìyẹn aláàbò ẹ̀mí. Òun náà ti wà ní Washington láti 1984. Ohun tí mo kíyè sí nínú igbó yẹn ni àlàfo. Àwọn oníbọ́ńsáì máa ń sọ pé ẹyẹ gbọ́dọ̀ ráyè fò gba àárín ẹ̀ka kọjá. Nínú Goshin, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè rìn. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, dongoyaro mẹ́fà nínú àwo sìmẹ́ǹtì. Mo ní ṣé ọmọ-ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ní? Ó ní méje ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Kánádà kì í pe òun. Màmá ní irọ́ ni, pé àyè ni kò sí nínú àwo.

Lórí Masahiko Kimura la ti ṣe àríyànjiyàn. Ọdún 1940 ni wọ́n bí i, idán ni àwọn èèyàn ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló gbé ẹ̀rọ oníná wọ inú iṣẹ́ yìí, ó ń fi gbẹ́ apá igi tó ti kú, títí igi náà á fi dà bí iná tó ń jó lọ sókè, tí ìlà èèpo kan ṣoṣo tó ṣì wà láàyè á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bọ́ ewé. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá ní ó gbóyà jù. "Mo wo igi rẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà ni mò ń rí. Mo wo ti Yamaki, mi ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ àwọn baba rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án fún ọdún tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún." Mo ní ọwọ́ tó bá mọ iṣẹ́, kí ló dé tí kò gbọ́dọ̀ hàn? Akéwì ha máa ń fi ohùn rẹ̀ pamọ́? Kò dá mi lóhùn. Mo ṣì rò pé mo jàre.

Mo sọ fún un nípa abúlé bọ́ńsáì ní Omiya. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo ní 1923, àwọn kan nínú àwọn olùtọ́jú bọ́ńsáì wá ilẹ̀ tó mọ́ àti afẹ́fẹ́ tó dáa kiri, wọ́n sì tẹ abúlé tiwọn dó ní 1925. Òfin wọn kò pọ̀: ẹni tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bọ́ńsáì mẹ́wàá ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, igi ni kó fi ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Kí ni?" Bàbá jókòó dáadáa. "Kò gbọ́dọ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ní Ìjẹ̀bú?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ọjọ́ Ẹtì: Òkè-Ẹ̀rì

Láàárọ̀ ni bàbá tó wo igi mi. Ó gbé e sórí àgbá, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ tó fi dúró níwájú rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Páìnì lo fẹ́ sọ ọ́ dà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Kí ló dé tí ẹ̀ka páìnì àwọn ará Jàpáàn fi ń wólẹ̀?" Mi ò mọ̀. "Yìnyín ni. Ó ń kó jọ sórí ẹ̀ka lọ́dọọdún, ó ń tẹ̀ ẹ́. Igi tó bá ti gbé yìnyín fún ọgọ́rùn-ún ọdún, apá rẹ̀ á rọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń fi wáyà sọ nìyẹn, pé igi yìí ti jìyà òtútù." Ó wo ojú ọ̀run. "Ọdún wo ni yìnyín bọ́ sí Ìbàdàn?"

Ó ní kí n lọ wo ọdán. Kí n má ya fọ́tò. Kí n padà wá sọ ẹ̀ka tó máa lọ.

Ẹni tó ti fi ọdán sórí itan láti Ìbàdàn, tí wọ́n wá ní kó lọ wo ọdán! Mo fi ìbínú díẹ̀ jáde, mi ò ní purọ́.

Mo kọ́kọ́ jókòó lábẹ́ ọ̀kan láàárín ìlú, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sinmi, tí ìyá kan sì ń ta ẹ̀bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Wákàtí kan. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ó jọ ìgbà tí èèyàn mẹ́rin mẹ́rin fara ti ara wọn. Gbòǹgbò ti rọ̀ wálẹ̀ láti orí ẹ̀ka, ó kan ilẹ̀, ó di òpó, òpó náà wá lẹ̀ mọ́ ìdí. Ohun kejì ni pé ẹ̀ka kan kò wólẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tó bí ilé ga, kí wọ́n tó wá na ara wọn pẹrẹsẹ. Agbòòrùn ọba ni.

Ọlọ́kadà kan gbé mi lọ sí Òkè-Ẹ̀rì. Ibẹ̀ ni ojúbọ Bilikísù Súngbọ́ wà, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ìtàn ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn kan tiẹ̀ ní òun ni ayaba Ṣébà. Mi ò wá tìtorí ìyẹn. Yàrà náà fúnra rẹ̀ ni mo bá lọ: nǹkan bíi 160 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì tó mítà 20 láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà mú mi sọ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, ariwo ayé dákẹ́. Ògiri ilẹ̀ pupa ga lápá ọ̀tún, ó ga lápá òsì, omi ń sun lára rẹ̀, ewédò àti ìmù tútù bò ó. Àwọn igi tó dúró ní etí òkè ti ju gbòǹgbò wọn sílẹ̀ sára ògiri náà, ó ń wá ilẹ̀, ó ń yà, ó ń so pọ̀, títí ó fi wọlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọdán orí yangí tí mo rí lẹ́yìnkùlé bàbá ni mò ń wò, àmọ́ ibí yìí, èmi ni mo kéré. Mo gbé ọwọ́ lé gbòǹgbò kan, ó tutù. Ọmọkùnrin yẹn bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi, ní ọjà, níbi tí mo ti ń ra òjòjò jẹ. Ọdán mìíràn wà níbẹ̀. Mo rí àpá ńlá lára ìdí rẹ̀, lókè orí mi díẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka kan kúrò nígbà kan, tí èèpo ti rọra bò ó bí ètè. Kò sí ẹ̀ka nísàlẹ̀ lára ọdán ìlú nítorí pé àwa èèyàn kì í jẹ́ kó wà. Ewúrẹ́ á jẹ èyí tó rọ̀, àdá á bá èyí tó le. Abẹ́ rẹ̀ la fẹ́.

Bàbá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ẹ̀ka òsì ni, èyí tí mo fẹ́ràn. Ó ní kí ló dé? Mo ní, "Bó bá wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n á jókòó sí?"

Ó dìde, ó lọ bu omi mu. Ó pẹ́ kó tó padà.

Àbámẹ́ta: ìjókòó iṣẹ́

Láàárọ̀ kùtù, bàbá ju wáyà kọ́pà tí wọ́n yọ lára wáyà iná àtijọ́ sínú ẹyín iná títí ó fi pọ́n yòò. Bó bá tutù tán, á rọ̀ bí òwú. Bí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa le, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀ka padà sí bó ṣe wà. Èmi ti ń lo wáyà tí mo rí lọ́jà láìfi kan iná, mo sì ń dá ọwọ́ ara mi lẹ́bi.

Ayùn ni mo fi gé ẹ̀ka náà. Èmi ni mo gé e, bàbá kọ̀ láti bá mi ṣe é. Oje funfun yọ, ó ń kán, mo fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dá. Bàbá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà wọnú díẹ̀ kí èèpo lè bò ó láìyọ gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo mú ojú kúrò, nítorí igi náà rí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí.

Gbòǹgbò wá kàn. Ilẹ̀dú ni mo gbìn ín sí, bàbá sì fi ìka kan tú u, ó gbóòórùn, ó fi han èmi náà: ó ti ń rà nísàlẹ̀. Ilẹ̀dú dáa fún ẹ̀gẹ́, ó ní, ṣùgbọ́n nínú àwo tí kò jìn, lásìkò òjò, omi á dúró nínú rẹ̀ bí ẹni ń ràgà. Tirẹ̀, bíríkì pupa tó lọ̀ tó sì sẹ́ ni, pẹ̀lú yanrìn odò àti ìwọ̀nba ilẹ̀dú. Àwọn ará Jàpáàn ní amọ̀ oníhóró tiwọn fún irú iṣẹ́ yìí. Bàbá ní bíríkì àwókù ilé Ìjẹ̀bú kò kéré sí i. A gé bíi ìdá mẹ́ta gbòǹgbò kúrò, a tẹ́ èyí tó kù yíká bí ẹsẹ̀ adìyẹ, a so ìdí mọ́ àwo kó má mì.

Nígbà tí bàbá ń wé wáyà, mo sọ fún un nípa àwọn ará South Africa. Àwọn náà wo páìnì títí, ó sú wọn. Charles Ceronio tó wà ní Pretoria wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ igi kékeré bí igi ilẹ̀ wọn ṣe rí gan-an: èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí igi ẹlẹ́gùn-ún inú ọ̀dàn, èyí tó rí bí osè. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ Pierneef, orúkọ ayàwòrán tó máa ń ya igi ibẹ̀ bí agbòòrùn. Bàbá ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní, "Ta ni orúkọ bàbá yẹn?" Mo tún un pè. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú fóònù òun.

Ẹ̀ka tó kù, sókè ló ń lọ báyìí, gbogbo wọn. A kò tẹ èyíkéyìí wálẹ̀. Kò tíì lẹ́wà. Àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀, bí èèrà á ṣe máa wò ó, mo sì rí òjìji.

Bàbá wá sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́: kí n fi í sílẹ̀ títí òjò á fi lọ. Ọdán ilẹ̀ wa ń yára sanra, wáyà á jẹ ẹ̀ka wọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹnìkan kò bá ń wò ó, gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò sì gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Mo ní mà á ronú sí i. Mo sọ fún un nípa tọkọtaya kan nítòsí Tokyo tí wọ́n jí bọ́ńsáì méje wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, tí ọ̀kan nínú wọn tó ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún. Ohun tí wọ́n kọ sórí Facebook kì í ṣe èpè. Wọ́n bẹ olè pé kó jọ̀wọ́ máa bomi rin wọ́n.

Bàbá ní òun mọ bó ṣe rí. Wọ́n dá òun dúró sílé ìwòsàn lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọyẹ́ ọdún kan. Ẹni tí òun ní kó máa bomi ń bomi, ṣùgbọ́n ewé ló ń bu omi sí, kò dé ilẹ̀. Àjàgbọn méjì ló lọ, èyí tó dàgbà jù wà nínú wọn. Ní Jàpáàn, wọ́n ní ọdún mẹ́ta ni èèyàn fi ń kọ́ omi bíbu nìkan. Mo ti máa ń rò pé àsọdùn ni. Mo ní, "Ẹ máa bá mi wò ó, sà."

Àìkú: gba Òrù àti Mámù padà sílé

Màmá di gaàrí Ìjẹ̀bú fún mi, èyí tó kan gan-an. Bàbá sì fún mi ní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀, igi gígé kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ dúró sí àárín, láìléwé. Orí ẹ̀ka òsì ni. Ó ti gé e, ó sì ti gbìn ín nígbà tí mò ń wẹ ọwọ́ lánàá. Ọdán kì í kọ ilẹ̀. Igi rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ọgbà pàápàá máa ń hù. "Èyí tí o fẹ́ràn, kì í kú bẹ́ẹ̀," bàbá ní. "Ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjì. Ṣáà máa wò ó."

Mo lọ dágbére fún èyí tó kù lórí pákó. Wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orí yangí. Mi ò sọ ohun tí mo wí fún un.

Ọkọ̀ tó gba Òrù, Mámù àti Ìdí-Ayùnrẹ́ ni mo wọ̀. Kọ̀ńdọ́ wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo igi gígé tó yọrí nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ da ìdọ̀tí yẹn nù kẹ́ ẹ tó wọlé."

Mo rọra ká ẹnu ọ̀rá náà, mo kì í sápò bùbá mi. Kò gba owó ẹrù lọ́wọ́ mi. Kò tíì ní gbòǹgbò.